Níbo ni kí n ti yẹ fọ́ọ̀mù wò: lórí fóònù oníbàárà ni tàbí lórí sáfà?

Ìbéèrè, láti Yaba

Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí, mo kí yín o. Mò ń ṣe ìkànnì fún ìyá kan tó ń ta léèsì àti àǹkárá ní ọjà Balógun, níbi tí àwọn oníbàárà yóò ti máa kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì àti iye yáàdì tí wọ́n fẹ́. Fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn kì í sì í dúró sójú kan. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fi JavaScript (èdè kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nínú bráósà oníbàárà) yẹ ohun gbogbo wò, kí n sì ṣírò owó lórí fóònù wọn, kí wọ́n má baà ná dátà lásán. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, ni kí ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Ìdáhùn, láti Surulere

Àbúrò, ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n sáfà ni kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òpin. Àyẹ̀wò orí fóònù wà fún ìrọ̀rùn oníbàárà, kí ó lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nọ́ńbà òun kò pé 11. Àmọ́ ẹnikẹ́ni lè pa JavaScript nínú bráósà rẹ̀, ó sì lè fi curl (irinṣẹ́ tó ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ láì lo bráósà) fi ohun tó bá wù ú ránṣẹ́ sí sáfà rẹ láì tilẹ̀ ṣí fọ́ọ̀mù náà rárá. Owó ni mo ń bẹ̀rù jù. Irú aṣọ àti iye yáàdì nìkan ni kí fọ́ọ̀mù fi ránṣẹ́, kí sáfà fúnra rẹ̀ wo iye owó nínú database (ibi tí ó ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí), kí ó sì ṣírò rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀ lè kọ ₦500 sí iwájú léèsì ₦80,000. O lè fi àròpọ̀ owó han oníbàárà lórí fóònù, ṣùgbọ́n má ṣe gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdáhùn, láti Ìkẹjà

Ohun tí wọ́n sọ dára, àmọ́ má ṣe le koko jù lórí nọ́ńbà: àwọn kan ń bẹ̀rẹ̀ láti 0803, àwọn mìíràn láti +234, wọ́n sì ń fi àlàfo sí i. Gba gbogbo rẹ̀, kí sáfà tún un tò. Ní ti dátà, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ sínú fọ́ọ̀mù kéré púpọ̀. Àwọn ẹrù JavaScript tí a ń kó jọ ló sábà máa ń wúwo. “Required” (pé àyè kan kò gbọdọ̀ ṣófo) àti “type=tel” (pé nọ́ńbà fóònù ni àyè náà wà fún) inú HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú ìwé ìkànnì, kò fẹ́ JavaScript kankan. Bí sáfà bá sì rí àṣìṣe, kí ó dá fọ́ọ̀mù padà pẹ̀lú gbogbo ohun tí oníbàárà ti kọ.

Ẹni tó béèrè

Mo dúpẹ́ gan-an ni. Ó ku ẹyọ kan: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, tí oníbàárà sì tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kejì, ṣé sáfà kò ní ka ọjà náà sí méjì?

Ìdáhùn, láti Surulere

Yóò kà á sí méjì bí o kò bá dènà rẹ̀. Kí sáfà fún fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Bí nọ́ńbà kan náà bá tún wọlé, rísíìtì àkọ́kọ́ ni kí ó fi ránṣẹ́. Fi òfin “unique” (pé nọ́ńbà kan kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì) sí nọ́ńbà náà nínú database pẹ̀lú, nítorí pé méjèèjì lè dé pa pọ̀.