Ọmọ mi bi mí nípa Ray Rice, mi ò rí èsì fún un

Ìyá Káyọ̀ (Randallstown, Maryland)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, ó yẹ kí n ti sùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 17, ó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà nílé ìwé rẹ̀. Ipò tí Ray Rice ń gbá fún Ravens, ẹgbẹ́ Baltimore wa níbí, nígbà yẹn lòun náà ń gbá: ẹni tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́, tí á wá forí la àárín àwọn géńdé kọjá. Níbi tó ti ń wo eré àtijọ́ lórí fóònù, ó rí i pé lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá 2023, tí Ravens gba Miami lálejò, wọ́n pe Ray Rice jáde, wọ́n yẹ́ ẹ sí gẹ́gẹ́ bí akọni ẹgbẹ́. Ló bá bi mí nídìí oúnjẹ: "Mọ́mì, wọ́n lé e torí pé ó lu ìyàwó ẹ̀. Wọ́n tún wá ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣé lílé tí wọ́n lé e dáa àbí kò dáa?" Mo ní kó jẹun.

Fún ẹni tí kò sí ní Baltimore nígbà náà: lóru ọjọ́ 15 oṣù Kejì 2014, nínú lífìtì ilé tẹ́tẹ́ kan ní Atlantic City, Ray Rice fẹ̀ṣẹ́ lu Janay, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, obìnrin náà sì dákú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí fídíò àkọ́kọ́ fi jáde, níbi tó ti ń wọ́ ọ jáde bí ẹni ń wọ́ àpò. Ní oṣù Kẹta wọ́n fẹ̀sùn kàn án, lọ́jọ́ kejì àwọn méjèèjì ṣègbéyàwó. Ní oṣù Keje, àjọ NFL, tó ń darí bọ́ọ̀lù náà, ní kó lọ rọ́kún nílé fún eré 2 péré. Ìgbà tó di ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ni fídíò kejì jáde, ti inú lífìtì gan-an, tí gbogbo ayé fi rí ẹ̀ṣẹ́ náà bó ṣe bà á. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Ravens fagi lé àdéhùn rẹ̀, àdéhùn ọdún 5, 35 mílíọ̀nù dọ́là. NFL náà ní kó má gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí di ìgbà tí àwọn bá fẹ́.

Ti oṣù Karùn-ún ló dùn mí jù, ó dùn mí ju ti lífìtì lọ. Ravens gbé tọkọtìyàwó náà jókòó síwájú àwọn oníròyìn. Janay náà sọ̀rọ̀ sínú maíìkì, ó ní òun kábàámọ̀ ipa tí òun kó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹgbẹ́ náà fọwọ́ ara wọn gbé ọ̀rọ̀ yẹn sórí Twitter. Ní yàrá oúnjẹ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ, tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri. Mọ́ín-mọ́ín wà lẹ́nu mi, mi ò lè gbé e mì.

Èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ní oṣù Kẹfà 2013, bàbá Káyọ̀ fọ́ mi létí nínú kíṣínì, yẹtí òsì mi ta wọ abẹ́ fíríìjì. Lọ́jọ́ kejì ni mo fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ rọ́ ọ jáde, òun àti eruku àti ẹ̀wà gbígbẹ mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, mo gbé fóònù. Mo tẹ 9, mo tẹ 1, mo wá dúró. Tírélà ló ń wà fún ilé iṣẹ́ kan, bí ọlọ́pàá bá fi lè mú un, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Owó ilé ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n kó wa lọ sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, ẹnu mi ló mú jù." Etí yẹn ṣì ń hó lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà.

Ìbéèrè mi nìyí. Bí ọ̀gá bá mọ̀ pé òun á lé ọkùnrin dànù torí pé ó lu ìyàwó rẹ̀ nílé, ṣé ó gba obìnrin náà sílẹ̀ ni, àbí ó dí i lẹ́nu? Ẹ bá mi dá sí i. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ mi.

Bàbá Ìbejì (Peckham)

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Káyọ̀. Ẹ kú ìfaradà. Ojú mi ni bàbá mi ṣe ń na ìyá mi nígbà tí mo wà ní kékeré, nítorí náà ẹ má rò pé mo ń gbè sẹ́yìn ẹni tó ń lu obìnrin.

Síbẹ̀, mi ò fara mọ́ lílé náà. Kóòtù wà fún ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ New Jersey fi í sínú ètò tí wọ́n ń fi ẹni tó kọ́kọ́ dẹ́ṣẹ̀ sí, ó parí rẹ̀, wọ́n pa ẹ̀sùn náà rẹ́ ní oṣù Karùn-ún 2015. NFL fún un ní ìyà eré 2, wọ́n tún padà wá fi òmíràn lé e lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú Barbara Jones, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ó yí i dànù lọ́jọ́ 28 oṣù Kọkànlá 2014. Ó ní Rice kò purọ́ fún wọn níbẹ̀rẹ̀, wọn ò sì lè jẹ ẹ́ níyà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sórí Instagram lọ́jọ́ kejì tí wọ́n lé ọkọ rẹ̀, pé ńṣe ló dà bí àlá burúkú sí òun. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ta ni ebi ń pa? Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà níbí, ó ti tó ọdún 19. Bí mo bá ṣẹ̀ nílé, kí ọlọ́pàá wá, kí ẹbí wá. Ta ló fi ọ̀gá gáréèjì jẹ baálé ilé mi?

Àbúrò Houston

Ẹ má bínú, Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Ìyà tí NFL fi jẹ ẹ́ nìkan ni adájọ́ yẹn yí dànù. Lílé tí Ravens lé e kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ti owó tí Rice ní wọ́n jẹ òun, àwọn méjèèjì parí rẹ̀ láàárín ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015. Láti ìgbà tí adájọ́ ti sọ̀rọ̀, kò sí òfin tó dí ẹgbẹ́ kankan nínú àwọn 32 lọ́wọ́ láti gbà á. Kò sẹ́ni tó pè é. Kò tún gbá eré kan ní NFL mọ́ láéláé.

Ṣé torí obìnrin ni? Ẹni ọdún 27 ni nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń wúwo. Ní 2013, yáàdì 3.1 ló ń rí nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá gbé bọ́ọ̀lù sá. Ẹ wá wo Kareem Hunt. Òun ló fi ẹsẹ̀ sá yáàdì jù nínú gbogbo NFL ní 2017. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2018, fídíò jáde níbi tó ti ń ti obìnrin kan tó sì fẹsẹ̀ gbá a ní òtẹ́ẹ̀lì ní Cleveland (kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ o). Kansas City lé e lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ó purọ́ fún àwọn. Ní oṣù Kejì 2019, ẹgbẹ́ Cleveland ti gbà á síṣẹ́. NFL ní kó jókòó fún eré 8, ó jókòó, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni ọdún 23 ni, ó ṣì ń sáré. Ẹsẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n ń wọ̀n kí wọ́n tó mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Ògbufọ̀ (Silver Spring)

Ìyá Káyọ̀, ọ̀rọ̀ yín mú mi lómi lójú. Mo ń ṣe ògbufọ̀ Yorùbá ní kóòtù ní Maryland níbí. Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo lè sọ ohun tí mo máa ń gbọ́ kí a tó jókòó pàápàá: "Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé wọ́n á pè é níbi iṣẹ́?" Ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣáájú. Wọn kì í tíì sọ ibi tó ń dùn wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ ti Rice, Greg Hardy, agbábọ́ọ̀lù NFL bíi tiẹ̀, ńkọ́? Ọdún 2014 kan náà ni. Adájọ́ ní ó jẹ̀bi ní oṣù Keje pé ó lu obìnrin tó ń fẹ́. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Nígbà tó di oṣù Kejì 2015, wọn ò rí obìnrin náà kó wá jẹ́rìí, wọ́n tú ẹjọ́ náà ká. Ilé ló jókòó sí jù lọ ní sáà yẹn, ẹgbẹ́ Carolina sì ń san owó rẹ̀, àdéhùn tó lé ní 13 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù Kẹta, Dallas gbà á. Fídíò kankan kò sí níbẹ̀. Obìnrin ti Hardy sọ tirẹ̀ níwájú adájọ́, adájọ́ sì gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá ọkùnrin náà kò lé e.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí ní Maryland, ẹ gbọ́. Ìwé ààbò tí kóòtù ń fúnni yàtọ̀ sí ẹjọ́ ọ̀daràn. Adájọ́ lè fi ìwé náà ní kí ọkọ kúrò nílé, kó sì máa mú owó oúnjẹ wá. Bí kóòtù bá ti tì, lóru pàápàá, kọmíṣọ́nnà wà tó lè fúnni ní ti onígbà díẹ̀ títí kóòtù á fi ṣí tí adájọ́ á gbọ́ ọ. Ìyàwó ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ti ẹni tó ní gíríìnkáàdì, tí ọkọ ń lù, tó sì ń fi ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú dẹ́rù bà, lè kọ ìwé náà fún ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ọkọ mọ̀. Ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí.

Ìyá Káyọ̀ (Randallstown, Maryland)

Ẹ ṣeun gan-an. Ògbufọ̀, Ọlọ́run á máa gbé yín ró. Ká ní mo gbọ́ ti owó oúnjẹ yẹn ní 2013, bóyá ǹ bá tẹ 1 kejì.

Bàbá Ìbejì, ẹ bi wá pé ta ló fi ọ̀gá jẹ baálé ilé. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀gá wà nínú kíṣínì mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Torí tirẹ̀ ni mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kó ṣe níbẹ̀ ló kù.

Mi ò fẹ́ kó gbé obìnrin síwájú maíìkì kó wá máa tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n fi lù ú. Bó bá máa lé ọkùnrin, kó lé e lórí ohun tó mọ̀ ní oṣù Kejì. Bó bá dúró de fídíò, ohun tó ń sọ fún wa ni pé ẹ̀ṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́. Bí owó bá sì ṣì kù nínú àdéhùn, kó gba ọwọ́ ìyàwó àtàwọn ọmọ kọjá kó tó dé ibòmíràn. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lé e. Mo fara mọ́ ọn.

Nígbà tí Ravens ní kí àwọn èèyàn mú jẹ́ẹ̀sì Rice wá gba pààrọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2014, mo lọ. Bàbá Káyọ̀ ti ra jẹ́ẹ̀sì kékeré kan fún ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n gba ife Super Bowl ní 2013, àwọ̀ àlùkò, nọ́ńbà 27. Mo ká a sínú ọ̀rá tí wọ́n fi di iṣu fún mi. Ìlà gùn ní pápá yẹn, tèwe-tàgbà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi bi mí ibi tí jẹ́ẹ̀sì wà, mo ní mo ti dá a padà. Ó ní wọ́n ti ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mi ò fèsì. Ó di 2017 kí n tó kó jáde.

Lálẹ́ àná, mo pe Káyọ̀ jókòó. Bàbá rẹ̀ ṣì ń pè é ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, mi ò sì fẹ́ ba ìyẹn jẹ́, nítorí náà mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti fíríìjì fún un. Mo sọ ti 9 àti 1. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ń fi èékánná ha etí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé etí wo ni.

Mo fi hàn án.