Ẹni tó mutí lálẹ́ àná, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ọtí ti dá lójú òun kó tó wakọ̀ láàárọ̀?

Awakọ̀ Òwúrọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ká ní ọkùnrin tó wọn 70 kílógíráàmù mu ìgò bíà ńlá mẹ́rin, 600 mílílítà ní ìgò kan, tí agbára ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 5%. Aago mẹ́jọ alẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, ó parí láago méjìlá òru, ó sì sùn. Aago méje àárọ̀ ló fẹ́ gbé mọ́tò jáde. Orí ò fọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró dáadáa. Ṣé ó lè wakọ̀? Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí ńkọ́, ṣé ó ṣe é gbára lé?

Onísirò:
Ẹ má tíì wo ti orí àti ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ohun tó gbé mì.

Ẹ sọ 600 di ìlọ́po 5, kí ẹ pín in sí 100: ògidì ọtí tó wà nínú ìgò kan jẹ́ 30 mílílítà. Ọtí fúyẹ́ ju omi lọ, torí náà ẹ fi 0.79 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí gíráàmù 23.7. Ìgò mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 95. (Ẹni tó bá rò pé wáìnì ṣe jẹ́jẹ́ jù bíà lọ, ìgò wáìnì kan ṣoṣo, 750 mílílítà, 13%, jẹ́ gíráàmù 77. Ó ju ìgò bíà mẹ́ta yẹn lọ.)

Ọ̀nà ìṣirò tó kù, Erik Widmark, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Sweden, ló gbé e kalẹ̀. Fún ọkùnrin, ẹ sọ ìwọ̀n ara di ìlọ́po 0.68, fún obìnrin, 0.55, torí omi ara obìnrin sábà máa ń kéré sí ti ọkùnrin tí wọ́n jọ wọn bákan náà, inú omi yẹn sì ni ọtí ń tàn ká sí. 70 lọ́nà 0.68 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 48. Ẹ wá fi 48 pín 95: gíráàmù 2 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Obìnrin tó wọn 70 bákan náà á ní nǹkan bíi 2.5.

Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ nìyí. Ẹ̀dọ̀ ń mú nǹkan bíi gíráàmù 0.15 kúrò nínú lítà ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ti ẹlòmíì ò ju 0.10 lọ. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ di méje àárọ̀ jẹ́ wákàtí 11. Bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá yá, 0.35 ló kù. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́dọ̀ jẹ́jẹ́, 0.9 ṣì wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, 0.5 ni òfin fi ààlà sí, àwọn mìíràn ò sì gba ohunkóhun rárá. Kò sẹ́ni tó mọ irú ẹ̀dọ̀ tó wà nínú òun, torí náà 0.10 ni kí ẹ máa fi ṣírò. Ìyẹn ni pé kò tíì bọ́ sí abẹ́ 0.5 títí di aago 11 òwúrọ̀, ó sì di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kó tó tán pátápátá.

Awakọ̀ Òwúrọ̀:
Háà! Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́? Tó bá mu kọfí gidi ńkọ́, tó sì fi omi tútù wẹ̀?

Ìyá Atọ́jú:
Kọfí á lé oorun lọ, kò ní lé ọtí. Ohun tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ọtí tó wọnú ara, ẹ̀dọ̀ ló ń tú u palẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń bá èémí, òógùn àti ìtọ̀ jáde. Ẹ wẹ̀, ẹ sáré, ẹ làágùn, ẹ̀dọ̀ ò ní tìtorí ẹ̀ yára. Èébì àárọ̀ náà ò wúlò, ọtí ti kúrò nínú ikùn tipẹ́, ó ti wọnú ẹ̀jẹ̀.

Nípa “ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró dáadáa”, èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ọtí bá ń lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ara èèyàn máa ń fúyẹ́ lójú ara rẹ̀ ju bó ṣe rí nígbà tí ọtí ń gòkè, kódà bí iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bá dọ́gba. Ẹni tó ń mutí déédéé tún le jù, kò ní mọ nǹkan kan lára. Ẹ má fi rírìn lórí ìlà tàbí kíka òǹkà sẹ́yìn yẹ ara yín wò.

Ẹlẹ́rọ:
Ẹ̀rọ yẹn ṣe é lò tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lò. Ẹ ra èyí tó ń lo fuel cell, ìyẹn èyí tí ọtí inú èémí ń mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Irú kejì, tó ń lo semiconductor (ohun èlò iná mànàmáná kékeré tí afẹ́fẹ́ oríṣiríṣi lè yí ìwà rẹ̀ padà), máa ń ka nǹkan mìíràn mọ́ ọtí, bí èéfín sìgá, tàbí èémí ẹni tó gbààwẹ̀ pẹ́.

Ẹ fi omi lásán yọ ẹnu, kì í ṣe oògùn olómi tí wọ́n fi ń fọ ẹnu, torí ọtí wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ wá dúró fún ogún ìṣẹ́jú láìjẹ, láìmu, láìfa sìgá. Bí ẹ̀rọ náà bá tutù nini torí pé inú mọ́tò ló sùn, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ilé. Ẹ fa èémí sínú dáadáa, kí ẹ fẹ́ ẹ láìdáwọ́ dúró títí ẹ̀rọ á fi dún, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ẹni tó bá kàn fẹ́ fìì, afẹ́fẹ́ ẹnu ló fún un, kì í ṣe ti ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, iye tó máa rí á kéré ju òótọ́ lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un fẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì ni kí ẹ gbà.

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà o. Bó bá jẹ́ mg/L (mílígíráàmù nínú lítà kan), ọtí inú èémí ló ń kà: 0.25 níbẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bíi 0.5 nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan á rí 0.25, wọ́n á rò pé ìdajì ààlà ni, wọ́n á tan mọ́tò. Ààlà gan-an ni wọ́n wà! Tí ẹ kò bá sì gbé ẹ̀rọ náà lọ kí wọ́n tún un tò kó lè máa ka iye tó tọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, ohun tó bá kọ kò ṣe é gbà gbọ́.

Onísirò:
Mo fara mọ́ Ẹlẹ́rọ. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kódà bí ẹ̀rọ bá ka òdo, ìyẹn ò ní kí ẹni tí kò sùn dáadáa wakọ̀, ọtí sì ń fọ́ oorun sí wẹ́wẹ́.

Fún ẹni tó mọ̀ pé òun á wakọ̀ láago méje, kó yí ìṣirò náà padà kó tó ṣí ìgò àkọ́kọ́. Wákàtí 11 lọ́nà 0.10 jẹ́ 1.1, ẹ fi 48 sọ ọ́ di púpọ̀, gíráàmù 53 ni. Fún ọkùnrin tí ẹ sọ yẹn, ìgò méjì ni, kò gba ìkẹta. Kó kó ìdérí ìgò sápò, kó sì kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sínú fóònù, torí tó bá di òru kò ní rántí iye tó mu mọ́.