Ibo ni pákẹ́ẹ̀tì UDP ti máa ń sọnù?

Adarí: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká kó ohun tí ojú ti rí lórí UDP jọ, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń fi ìdì dátà kéékèèké (pákẹ́ẹ̀tì) ránṣẹ́ láì dúró gbọ́ bóyá ó dé. Bí pákẹ́ẹ̀tì bá ń sọnù, ibo lẹ máa ń kọ́kọ́ wò?

Pọ́ọ̀tù53: Ìwọ̀n. Ethernet, nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníwáyà, ń gba báìtì 1,500 lẹ́ẹ̀kan. Yọ 20 fún orí IPv4 (IP ni ètò àdírẹ́sì tó ń gbé pákẹ́ẹ̀tì kiri; orí ni àlàyé tó ń ṣíwájú dátà), yọ 8 fún orí UDP, ó ku 1,472. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, IP á gé e sí wẹ́wẹ́. Tí ẹyọ kan bá wá sọnù nínú rẹ̀, odindi rẹ̀ ló ṣòfò.

Àṣàkẹ́: IPv6, ẹ̀dà IP tó tuntun jù, ńkọ́? 1,452 ni tiẹ̀.

Agbáwáyà: Ẹ̀ ń wo ojú ọ̀nà, ẹnu ilẹ̀kùn ni púpọ̀ ń kú sí. Kernel, ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, á kó o sínú búfà, àyè tó ti máa dúró kí ètò yín tó kà á. Bí ètò yín kò bá tètè kà á, búfà á kún, èyí tó bá dé lẹ́yìn náà á dànù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ tẹ `netstat -su`, ẹ wo "receive buffer errors". Bí nọ́ńbà yẹn bá ń gòkè, ẹ má dá wáyà lẹ́bi. Ẹ fi SO_RCVBUF tọrọ àyè sí i, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé net.core.rmem_max sókè, torí Linux kì í jẹ́ ká kọjá rẹ̀.

Pọ́ọ̀tù53: Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ búfà ńlá kò wo ètò tó ń falẹ̀ sàn. Ẹ ya thread kan (ẹ̀ka iṣẹ́ nínú ètò) sọ́tọ̀ tí kò ní ṣe ju kíkà lọ.

Tólú_sọ́kẹ́ẹ̀tì: Ẹ tún pe connect() lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹnu ọ̀nà tí ètò yín fi ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀.

Àṣàkẹ́: Connect() kẹ̀? Ṣebí UDP kì í so pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni!

Tólú_sọ́kẹ́ẹ̀tì: Kò fi ohunkóhun ránṣẹ́. Ó kàn ń sọ fún kernel pé àdírẹ́sì kan ṣoṣo là ń bá sọ̀rọ̀. Bí kò bá wá sí ẹni tó ń gbọ́ ní pọ́ọ̀tù ọ̀hún (nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ètò kan lórí kọ̀ǹpútà), tí ICMP, ìròyìn àṣìṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sì padà wá, ẹ ó rí ECONNREFUSED, ìyẹn "wọ́n kọ̀ ọ́". Láìsí i, ẹ lè máa fi ránṣẹ́ títí láì gbọ́ nǹkan kan.

Àṣàkẹ́: Ó yé mi wàyí.

Ọmọ_NAT: Tí èsì bá dákẹ́ lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, NAT, ètò inú ráútà tó ń pààrọ̀ àdírẹ́sì yín, ti gbàgbé yín nìyẹn.

Agbáwáyà: Ìdí rèé tí àwọn tó ń lo WireGuard, VPN tó ń rìn lórí UDP, fi máa ń fi PersistentKeepalive sí 25, kí ó lè máa fi nǹkan kékeré ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 25 sí ara wọn kí NAT má bàa gbàgbé.

Kò_dámilójú: Ṣé UDP tiẹ̀ ń yẹ dátà wò rárá, bóyá ó bàjẹ́?

Pọ́ọ̀tù53: Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àyè mẹ́rin ló wà ní orí UDP láti 1980, báìtì 2-2: pọ́ọ̀tù tó ti wá, pọ́ọ̀tù tó ń lọ, gígùn, checksum (nọ́ńbà tí a fi ń mọ̀ bóyá dátà bàjẹ́). Èyí tó bá bàjẹ́ á dànù. Kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́.

Ọmọ_NAT: Ní IPv4, ẹ lè fi 0 sí àyè checksum, kò sì ní yẹ nǹkan kan wò. Ẹ má ṣe é.