Hardingfele Nọ́wè, fáyólìn Shetland àti àkọ́díọ́nì Fanø: ta ló yẹ kó yí ohùn padà fún ta?

OkùnMẹ́rin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Olórin mẹ́ta fẹ́ jọ gba orin ijó etíkun sílẹ̀, kálukú láti ilé rẹ̀. Onífáyólìn wà ní Shetland, àwọn erékùṣù Scotland, A-E-A-E (orúkọ ohùn okùn, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè) ló to okùn rẹ̀ sí. Ẹni tó ń ta hardingfele, irú fáyólìn ìbílẹ̀ Nọ́wè, wà ní Hardanger ní Nọ́wè, aláàkọ́díọ́nì wà ní erékùṣù Fanø ní Dẹ́nmáàkì. Èmi ni n ó po ohùn wọn pọ̀. Hardingfele ga ju àwọn yòókù lọ, ìwọ̀n ìlù wọn kò sì bára mu. Ta ni kó yí padà? Ṣé kí n fún wọn ní click, ìró ẹ̀rọ tó ń ka ìlù dọ́gbadọ́gba? Ṣé wọ́n lè jọ ta á lẹ́ẹ̀kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

AfáráFáyólìn:
Ọ̀dọ̀ àkọ́díọ́nì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ahọ́n irin inú rẹ̀ kò ṣe é yí lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní kó tẹ A kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kó gbà á sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́. Ahọ́n kan ni kó lò o. Bí ahọ́n méjì bá jọ ń dún, ohùn á máa gbọ̀n, ẹ̀rọ ìwọ̀n kò sì ní rí ojú kan dúró sí. Ó lè jẹ́ 440 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ó lè jẹ́ 442. Ohun tí ẹ bá rí ni àwọn méjì yòókù á tẹ̀ lé.

Hardingfele ní okùn mẹ́rin tí ọrun ń fà, ó tún ní mẹ́rin tàbí márùn-ún lábẹ́ tí ọrun kì í kàn, tó kàn ń dá ohùn padà. Bí ìwé orin bá kọ A-D-A-E, ohun tó sábà máa ń jáde ni B-E-B-F#. Ìdí tó fi ga nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí ti Shetland gòkè lọ bá a. G rẹ̀ ti di A, D rẹ̀ ti di E. Bí ẹ bá tún fi tóònù kan kún un, okùn á já.

Hardingfele ni kó sọ̀kalẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé okùn á dẹ̀, ti abẹ́ á sì máa dún bí eṣinṣin tó há sínú agolo. Kó lo okùn tó nípọn díẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kó máa pààrọ̀ wọn. Bó bá tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, afárá, ìyẹn igi tó gbé okùn dúró, á ṣubú. Kó to okùn abẹ́ sí ohùn orin tí ẹ fẹ́ ta, kó sì ṣe é ní ọjọ́ kan ṣáájú, torí okùn tuntun kì í dúró lójú kan.

Ẹsẹ̀LóńLù:
Ẹ má lo click rárá. Springar, ijó ìbílẹ̀ Nọ́wè, ti agbègbè Telemark, ìlù mẹ́ta inú rẹ̀ kò gùn dọ́gba. Ti agbègbè Valdres náà kò dọ́gba, ọ̀nà tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ti etíkun ìwọ̀-oòrùn tẹ́jú jù wọ́n lọ, síbẹ̀ ó ń mí. Click á gé èémí yẹn kúrò, orin á sì kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹni tó ni orin ni kó kọ́kọ́ ta á. Bó bá jẹ́ reel (orin ijó tó yára) ti Shetland, onífáyólìn ni. Bó bá jẹ́ sønderhoning, aláàkọ́díọ́nì Fanø ni, torí ijó yíyí tí kì í dúró ni, ẹni tó mọ yíyí náà ló mọ bí orin ṣe ń yí. Kó wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, kó fẹsẹ̀ lu pákó, kó sì gbé máìkì kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà. Kó lù ú nígbà mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohùn ẹsẹ̀ yẹn ni àwọn yòókù á fi sétí. Ẹ lè yọ ọ́ kúrò nígbà tí ẹ bá ń po ohùn.

Wáyà48:
Lórí jíjọ ta á: tí ìdádúró ohùn lójú ọ̀nà bá ti kọjá nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 30, kálukú á máa dúró de ẹnì kejì, orin á máa falẹ̀ sí i. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 10 láàárín àkókò yẹn, ẹ fojú inú wò ó. JackTrip tàbí SonoBus, àwọn ètò kọ̀ǹpútà fún jíjọ ta orin, lè ràn yín lọ́wọ́ fún ìdánrawò, bí kálukú bá lo wáyà dípò Wi-Fi tó sì fi ìgbétí (headphone) sétí. Bó bá jẹ́ Zoom, ẹ pa ohun tó ń yọ ariwo kúrò. Ariwo ló máa ka okùn abẹ́ sí, á sì gé e.

Fún fáìlì gan-an: WAV, 48 kHz (iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn: 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), bit 24, kí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo kan náà. Ẹ kọ́kọ́ yẹ èyí wò kí ẹnikẹ́ni tó tú okùn o! Fáìlì 44.1 tí a bá tẹ̀ bí ẹni pé 48 ni, ohùn rẹ̀ á gòkè ní nǹkan bíi sẹ́mítóònù (ìdajì tóònù) kan àbọ̀, á sì yára.

OkùnMẹ́rin:
Mo ti wọ̀n ọ́n. Tóònù kan gérégé ni hardingfele fi ga, fáìlì kò sì yára. Okùn ni yóò sọ̀kalẹ̀ nìyẹn. Báwo la ó ṣe kọ orúkọ àwọn orin náà?

AfáráFáyólìn:
Ní Nọ́wè, wọ́n máa ń kọ "etter" ("láti ọ̀dọ̀") síwájú orúkọ ẹni tí wọ́n ti gbọ́ orin náà. Ẹ má yọ ọ́, kódà bí orin náà kò bá ní ẹni tó dá a. Kálukú kó fi àtúntò tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ orin ní ilẹ̀ rẹ̀: TONO ní Nọ́wè, Koda ní Dẹ́nmáàkì, PRS fún ti Shetland. Ẹ fẹnu kò lórí ìpín owó kálukú kí orin tó jáde, kí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ọ̀kan náà.