Orúkọ wo ló yẹ "is"?

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ìjíròrò lórí orúkọ Yorùbá tí a fẹ́ fún ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì náà, "is" àti àwọn ẹbí rẹ̀, "am", "are", "was" àti "were". Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe jíjẹ́, torí pé "jẹ́" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lóòótọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílò orúkọ Yorùbá tí yóò máa fi pè é. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí yóò ṣì í lọ́nà.

"She is a teacher": ó jẹ́ olùkọ́. Ó ṣe rẹ́gí. "She is at home": ó wà nílé. "Jẹ́" ti pòórá. "She is tall": ó ga. Kò sí jẹ́, kò sí wà. "Ga" fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe wa, "tall" kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti há a sórí pé "jẹ́" ni "is" yóò wo "ó ga", kò ní rí jẹ́ kankan, yóò sì kọ "She tall". Àìmọye ìgbà ni mo ti rí i nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, olórí pípé sì ni wọ́n.

Èyí tó tún le jù ni "ebi ń pa mí". Ebi ni olùwà, èyí tó ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe; "mí" ni àbọ̀, èyí tó tẹ̀lé e. Gẹ̀ẹ́sì ní "I am hungry": ẹni tí ebi ń pa di olùwà, ebi wá di ọ̀rọ̀ tó ń júwe rẹ̀. "Ó rẹ̀ mí" àti "òtútù ń mú mi" rí bẹ́ẹ̀ náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá "am" lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ta ni à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kó gbé onítọ̀hún síwájú.

Ohun tó jẹ́ kí n dábàá "ọ̀rọ̀-ìṣe asolùwà" nìyẹn: ó ń so olùwà mọ́ ohun tí a sọ nípa rẹ̀. Àwọn kan ní ká kúkú pè é ní àsopọ̀. Ì bá dára, àmọ́ ọ̀rọ̀-àsopọ̀ ti wà nínú gírámà wa fún "àti", "ṣùgbọ́n" àti "tàbí". Bí a bá tún fún "is" ní orúkọ kan náà, ọ̀rọ̀ yóò dàrú mọ́ ọmọ lójú.

"She is eating" ńkọ́? "Is" tibẹ̀ ń ran "eating" lọ́wọ́ ni. Aṣèrànwọ́ ni ká máa pè é níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ tó kúrú ju asolùwà lọ, tó sì gba "jẹ́", "wà" àti "ga" mọ́ra, ẹ mú un wá, màá fi tèmi sílẹ̀.