Pandas wọlé, ṣùgbọ́n a pè é, kò jẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ìparí oṣù kẹfà ọdún 2024 ni. Ọjọ́ 16 oṣù yẹn ni NumPy 2.0, ohun èlò ìṣirò tí pandas gbára lé, jáde. Àbúrò mi obìnrin ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀, ó fẹ́ fi èdè kọ̀ǹpútà Python àti pandas, ohun èlò Python fún àkọsílẹ̀, ṣe ìṣirò àkọsílẹ̀ òjò. Pip ló fi ń gbé irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ wọlé. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, pip ní òun ti fi pandas sí i, ṣùgbọ́n bí mo bá ti pè é, kì í jẹ́." Ohun tó ń rí nìyí:

ValueError: numpy.dtype size changed, may indicate binary incompatibility. Expected 96 from C header, got 88 from PyObject

Torí pé interval.pyx inú pandas ló hàn lókè àṣìṣe yẹn, pandas ló ń yọ, tó tún ń dá padà. "Using cached" ni pip ń kọ sí i. Fáìlì kan náà tó wà nílẹ̀ ló ń tún gbé wọlé.

Mo ní kó tẹ pip check. Ó fèsì pé: No broken requirements found, ìyẹn ni pé kò sí ohun èlò tí ohun tó fẹ́ kò pé. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà yìí ti le, nítorí pip kò purọ́. Ohun tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan bá kọ sílẹ̀ pé òun fẹ́ nìkan ló lè kà. Ọdún 2023 ni pandas 2.0.3 jáde. Ó kọ ẹ̀dà NumPy tó kéré jù tó lè bá ṣiṣẹ́, kò kọ ibi tó yẹ kí ó dúró sí. Nínú requirements.txt, fáìlì tó to ohun tí pip máa gbé wọlé, tí wọ́n fún un, pandas==2.0.3 wà níbẹ̀ gbọingbọin, ṣùgbọ́n numpy wà lásán, kò ní nọ́ńbà kankan. Tuntun tó wà níta ni pip bá gbé.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, apá kan pandas kì í ṣe Python rárá, èdè C tí wọ́n ti sọ di kóòdù ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n ti fi ìwọ̀n NumPy ayé àtijọ́ kọ́ ọ. Báìtì 96 ló ń retí, 88 ló bá. Bíi kí télọ̀ fi ìwọ̀n èṣí gé aṣọ fún ẹni tó ti rù ni.

A ṣí àyè ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ náà:

python3 -m venv ise
source ise/bin/activate
python -m pip install "pandas==2.0.3" "numpy<2" ipykernel

Ẹ má yọ àmì ọ̀rọ̀ (" ") yẹn kúrò lára numpy<2 o. Bí kò bá sí níbẹ̀, bash, ohun tó ń ka àṣẹ tí ẹ bá tẹ̀, á rò pé ẹ ní kí òun lọ ka fáìlì kan tó ń jẹ́ 2, á sì ní òun kò rí i. NumPy 1.26.4 ló wọlé.

Síbẹ̀, nínú Jupyter, ojú ìwé tó ti ń kọ Python rẹ̀, àṣìṣe náà ṣì wà. Mo ní kó tẹ import sys; print(sys.executable). /usr/bin/python3 ló jáde, ìyẹn ni pé Python àtijọ́ ni Jupyter ṣì ń lò. A fi ipykernel forúkọ àyè tuntun náà sílẹ̀ fún Jupyter:

python -m ipykernel install --user --name ise

Ó yan ise nínú Jupyter, pandas sì jẹ́.

Ẹni tí kò bá sí ohun tó so ó mọ́ 2.0.3, kó gbé pandas 2.2.2 tàbí èyí tó jù ú lọ. Wọ́n ti mú un bá NumPy 2 mu. Ẹni tó bá ti bá irú rẹ̀ pàdé lórí ohun èlò Python mìíràn bí OpenCV tàbí scikit-learn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà méjèèjì mọ́ ìtàn yín.