Ìwọ̀n ò sún, ìró ló ń tóbi: ẹ̀yin obìnrin tó ń gbé kettlebell, ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń gbé kettlebell, irin wúwo tó ní ọwọ́ ìdìmú lórí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ogún ìṣẹ́jú kí àwọn ọmọ tó jí. Kílò 8 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, 12 ni mo wà báyìí. Mo gun ìwọ̀n lánàá, kílò 84 tí mo wà tẹ́lẹ̀ náà ni! Omi bọ́ lójú mi. Àmọ́ nígbà tí mo ń múra òde, ìró tí kì í fẹ́ kárí mi tẹ́lẹ̀ yí mi ká, etí rẹ̀ tún kọjá ìbàdí. Mo fa téèpù télọ̀ yọ: ínṣì 39 ti di 36. Ta ló ti rí irú èyí?

Abẹ́nì
Èmi. Ẹ ti ìwọ̀n yẹn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́
Ẹ má sunkún mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Kílò kan ọ̀rá gba ààyè ju kílò kan iṣan lọ. Tí ọ̀rá bá ń dín, tí iṣan ń pọ̀, ìbàdí á dín, ìwọ̀n sì lè dúró síbẹ̀. Téèpù ni kẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ mú èmi. Mo rò pé ọwọ́ la fi ń ṣe swing, ìyẹn fífi irin náà láti àárín ẹsẹ̀ dé àyà, mo ń fi apá fa irin sókè. Ọjọ́ mẹ́ta, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà. Ìyá kan ní jím ló ní kí n kẹ̀yìn sí ògiri, kí n fi ìdí kàn án láìká orúnkún púpọ̀. Ìdí ni kó lọ sẹ́yìn! Ọjọ́ tó yé mi, irin fúnra rẹ̀ ló fò dé àyà mi, ọwọ́ mi kàn dà bí okùn ni.

Màmá Peckham
Ṣebí bí àwọn ìyá wa ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yìn gbọọrọ, ìdí lẹ́yìn.

Àjọkẹ́
Èmi tí mò ń gúnyán ní gbogbo Sunday, kí ni mo fẹ́ fi irin ṣe?

Abẹ́nì
Ṣé ẹ kì í jẹ iyán ọ̀hún ni?

Àjọkẹ́
Mò ń jẹ ẹ́, ọwọ́ mi sì le ju ti ọ̀pọ̀ yín lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Mo gbà, àmọ́ ọmọ odó kan náà lẹ ti ń lò láti ọdún mẹ́wàá, ara ti mọ̀ ọ́n. Irin ń ti 8 bọ́ sí 12, ó ń bọ́ sí 16. Ibẹ̀ ni iṣan ti ń jáde.

Tíṣà Ìjẹ̀bú
Ọkọ mi ní màá le bí ọkùnrin.

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́
Testosterone, èròjà ara tó ń mú iṣan ọkùnrin tóbi, tiwa kéré púpọ̀ sí tiwọn, kò lè ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2011, ìwádìí kan lórí kettlebell jáde ní Denmark: èèyàn 40, obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìrora ọrùn, èjìká àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn dín kù. Àmọ́ agbára mímí wọn ò yí padà, torí náà ẹ fi ìrìn kíákíá kún un.

Ìyá Àbíyè
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnì kan ò sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ọmọ kẹta ni mo bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe swing, ìtọ̀ ń jáde. Mo fi aṣọ dúdú bò ó mọ́lẹ̀ títí mo fi lọ rí àwọn fisio, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan.

Màmá Peckham
Èmi náà.

Tíṣà Ìjẹ̀bú
Mo rò pé èmi nìkan ni. Ọdún méje! Tí mo bá sín, ó ti dé.

Abẹ́nì
Ọlọ́run mi. Kí ló dé tí wọn kì í sọ fún wa ní ilé ìgbẹ̀bí?

Ìyá Ìbejì
Ìyá Àbíyè, kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe?

Ìyá Àbíyè
Wọ́n ní kí n gbé irin sílẹ̀ ná. Ẹ fún iṣan abẹ́ pọ̀ bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ dúró, ẹ ka ení dé àárùn-ún, ẹ tú u sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìdá mímí dúró. Oṣù méjì ni mo fi ṣe é kí n tó padà sí kílò 8. Báyìí, bí irin bá ti ń gòkè, mo ń mí jáde. Ìtọ̀ ò jáde mọ́. Tíṣà, ẹ lọ rí wọn, ọdún méje ò pẹ́ jù.